Ṣé èéfín ẹja ló ń há mi láyà? Èsì fún ìyá ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́

Obìnrin kan tó ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Láti kékeré ni mo ti ní ásímà, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yan ẹja, èéfín kì í ṣe mí ju kí ojú máa ta mí lọ. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, a palẹ̀ yàrá ìyá ọkọ mi tó di olóògbé mọ́. Èmi ni mo gbé tìmùtìmù wọn àtijọ́ síta tí mo gbọ̀n ọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo sín títí, àyà mi há, mo fa Ventolin, ó sì lọ. Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó di òru, mo jí, èémí kò jáde, díẹ̀ ló kù. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti ń gùn mí: èéfín tó ti mọ́ mi lára, ata díndín, lọ́fíńdà, atẹ́gùn òwúrọ̀, kódà bí mo bá rẹ́rìn-ín jù, ikọ́ ni. Ọkọ mi ní èéfín ni, kí n fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ventolin tí mo ń fà lójoojúmọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé bí mo ṣe máa wà nìyí títí ayé?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Kí èémí há èèyàn lóru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ẹ̀rù ńlá ni. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ohun méjì ló wúwo lọ́kàn yín: oúnjẹ òòjọ́ yín tí wọ́n ní kí ẹ jù sílẹ̀, àti ìbẹ̀rù pé àìsàn tí ẹ ti ń bá gbé láti kékeré ti yí padà di òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí. Èéfín kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dá kún un báyìí. Tìmùtìmù yẹn ni mo fura sí jù. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ló dì mú, ewu sì wà nínú kéèyàn dúró sórí ìdajì yẹn. Ẹ kò sì ní wà báyìí títí ayé bí ẹ bá tọ́jú ara yín bó ṣe yẹ.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nípa ásímà ni pé ohun tó wà níwájú wọn nígbà tí àyà há ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n ń dín ata lọ́wọ́, ata ló fà á. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ẹ̀rín ló fà á. Bí aláìsàn bá jókòó síwájú mi, mo máa ń béèrè ohun tó ṣe lánàá, níjẹta àti lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà. Oríṣi nǹkan méjì ló ń gun alásímà, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Èkíní ni ohun tí ara ẹni náà kọ̀: ìgbẹ́ kòkòrò inú eruku ilé, ìdọ̀tí aáyán, èbu ara ògiri, itọ́ àti èépá ara ológbò. Ẹni tí ara rẹ̀ kò kọ̀ wọ́n lè máa fà wọ́n símú lójoojúmọ́ kó má mọ̀. Èkejì ni ohun tó kàn ń ta ni lọ́nà ọ̀fun: èéfín, lọ́fíńdà, òtútù òwúrọ̀, eré sísá. Èyí lè mú ọ̀nà èémí fún pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá, ó sábà máa ń fi ọ̀nà èémí sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ohun tí ara kọ̀ ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ méjì. Ó ń há ni láyà lójú ẹsẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀nà èémí di ẹlẹgẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, débi pé ohun tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ á di ohun ńlá. Bí ata bá kan awọ ara tó dá, ẹ lè má mọ̀. Bí ata kan náà bá kan ojú egbò, igbe ni. Èéfín tí ẹ ń fà lónìí ni èéfín tí ẹ ti ń fà bọ̀ láti ọdún yìí wá. Inú ọ̀nà èémí yín ló ti di ojú egbò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ tìmùtìmù. Kòkòrò kan wà tó ń gbé inú bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí àti àga onífóòmù. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Gígùn rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Èépá ara wa tó ń bọ́ sórí ibùsùn ló ń jẹ. Kì í gé ni jẹ, kì í fa ẹ̀jẹ̀ bí ìdun. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà. Àwọn onímọ̀ ní ìlú Leiden, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ló sọ ọ́ síta ní 1964 pé kòkòrò yìí ló wà nídìí ohun tí eruku ilé ń ṣe fún alásímà. Èròjà kan wà nínú ìgbẹ́ yẹn tó ń jẹ ohun tó so àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ọ̀nà èémí pọ̀ mọ́ra, á sì ráyè gba àárín wọn wọlé. Kí ẹ wá ro tìmùtìmù tí àgbàlagbà ti sùn lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó tún wà nínú yàrá tí a tì pa. Gbígbọ̀n tí ẹ gbọ̀n ọ́n ló tú gbogbo rẹ̀ sójú afẹ́fẹ́, imú yín ló sì gbà á.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èròjà tí wọ́n ń pè ní IgE, tí ara yín ti pèsè sílẹ̀ de kòkòrò yìí, ti jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tú histamine àti àwọn nǹkan mìíràn jáde, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká sì fún pọ̀. Ẹ fa Ventolin, iṣan dẹ̀. Ìpele kìíní nìyẹn. Láàárín wákàtí 1 sí 2 ló sábà máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lọ́sàn-án yẹn ti ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní eosinophil, wọn kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó tó bíi wákàtí 3 sí 8 kí ìpele kejì tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀nà èémí á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á ki, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹ ṣe lọ́sàn-án ló jí yín lóru. Kì í ṣe gbogbo alásímà ni ìpele kejì ń dé bá. Nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, bí ìdajì ni. Àwọn tó bá dé bá ni ọ̀nà èémí wọn sì máa ń di ẹlẹgẹ́ jù lẹ́yìn rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ti rò pé èémí ti bọ̀ sípò.

Wọ́n ti wọn èyí, kì í ṣe àbá. Ní 1977, Cockcroft, Hargreave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì McMaster ní Kánádà fún àwọn alásímà kan ní ohun tí ara wọn kọ̀ láti fà símú, lábẹ́ ìṣọ́. Ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n fa histamine àti methacholine, èyí tí a ń fi wo bí ọ̀nà èémí ṣe jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó: bí ìwọ̀n tó há èèyàn láyà bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà èémí rẹ̀ ṣe jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó. Lẹ́yìn tí wọ́n fa ohun tí ara wọn kọ̀, ìwọ̀n tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan tẹ́lẹ̀ ti tó láti há ọ̀pọ̀ wọn láyà, ó sì ń bá a bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ní 1982, Platts-Mills àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wo ọ̀rọ̀ náà láti òdì kejì. Àwọn alásímà tí ara wọn kọ eruku lọ gbé nínú yàrá ilé ìwòsàn tí kòkòrò yìí ti ṣọ̀wọ́n, fún oṣù 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹgẹ́ yẹn dínkù lára ọ̀pọ̀ wọn, oògùn tí wọ́n ń lò náà sì dínkù. Èyí ni mo fi sọ fún yín pé kì í ṣe títí ayé. Ṣùgbọ́n oṣù 2 ni o. Ẹni tó nu ilé lónìí tó sì ń retí kí èéfín má gùn ún mọ́ lọ́la á rò pé asán ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tí a ń gbé kò sì ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀sà ló wà lẹ́nu ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Bí òjò bá ti wọlé, aṣọ tí a sá kì í fẹ́ gbẹ, ògiri a máa mu omi, fóòmù a máa tutù lábẹ́. Kòkòrò eruku kì í mu omi bí ẹran. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń fi ara fà. Láyé ọjọ́un, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ alásímà láti orílẹ̀-èdè Yúróòpù lọ sí orí òkè Davos ní Switzerland torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, kòkòrò yìí kì í sì í rójú gbé níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì, kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ohun tó wà nínú yàrá la máa fi ṣe é. Aáyán náà ńkọ́? Ilé tí ẹja ń wọ̀, tó ń jáde, aáyán kì í jìnnà síbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1997 láti ìlú 8 ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ alásímà tí ara wọn kọ aáyán, tí ìdọ̀tí aáyán sì pọ̀ ní yàrá tí wọ́n ń sùn, ni àìsàn wọn le jù tí wọ́n sì ń dèrò ilé ìwòsàn jù. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ mi sábà máa ń sọ̀rọ̀ eruku títì. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ gbé fìríìjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n wo èérún dúdú wínníwínní tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ àti ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbẹ́ aáyán ni, òun ni ọmọ ń fà símú bí wọ́n bá ti fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló kàn. Salbutamol tó wà nínú Ventolin ń dẹ iṣan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í wo wíwú, kò sì lè dá ìpele kejì tí mo sọ dúró. Ní 1993, Cockcroft kan náà tún fi hàn pé bí alásímà bá ń fa salbutamol déédéé lójoojúmọ́, ọ̀nà èémí rẹ̀ a túbọ̀ máa tètè fún pọ̀ bó bá pàdé ohun tí ara rẹ̀ kọ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yín ti sọ òótọ́ nìyẹn: kéèyàn máa fà á lójoojúmọ́, kó má sì lo nǹkan mìíràn, kò dára. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sọnù. Ọjọ́ tí èémí bá há, òun ló ń ra àkókò fún ni. Ohun tó kù tí ẹ kò ní ni ínhélà kejì, èyí tó ń wo wíwú: beclomethasone, budesonide tàbí fluticasone, tí wọ́n ń fà láràárọ̀ àti lálaalẹ́ bí dókítà bá ṣe kọ ọ́, yálà èémí há tàbí kò há. Láti 2019 ni GINA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo ayé, ti ní kí wọ́n má ṣe fi salbutamol nìkan tọ́jú àgbàlagbà kankan mọ́. Steroid ni ínhélà yìí, orúkọ yẹn sì máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn kan ń lò láti fi kó ara jọ. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, inú ọ̀nà èémí ló ń lọ tààrà, kì í di bárakú. Kí ẹ sáà máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí ẹ bá fà á tán, kí ẹnu má bàa funfun. Ọjọ́ mélòó kan ni èémí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, ẹlẹgẹ́ yẹn náà á sì máa dínkù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀.

Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti 2023 tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó èyí tó gbajúmọ̀ jù wọ̀lú ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ ni owó ínhélà ti fò sókè, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ń fi ẹyọ kan pín oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá dé ilé oògùn, orúkọ oògùn ni kí ẹ fi béèrè, ẹ má fi orúkọ ilé-iṣẹ́ béèrè, torí àwọn mìíràn wà tí oògùn kan náà wà nínú wọn tí owó wọn sì rọjú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ orógbó kó máa jẹ ẹ́, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kó má fi rọ́pò ínhélà.

Ní ti ilé, n kò ní tàn yín. Ní 2003, ní Britain, wọ́n fún àgbàlagbà alásímà tó lé ní 1,000 ní ohun tí wọ́n fi ń bo bẹ́ẹ̀dì; àwọn kan gba èyí tí kòkòrò eruku kò lè là kọjá, àwọn yòókù gba èyí tó kàn jọ ọ́. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìwádìí òmíràn jáde láti ìlú 7 ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ fún àwọn ọmọdé, bẹ́ẹ̀dì, aáyán, eruku, èéfín sìgá, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń gun ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí àyà ń há wọn dínkù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo kì í sábà tó, owó púpọ̀ tí ẹ bá sì ná sórí ohun kan lè jẹ́ òfò. Torí náà, ẹ sọ tìmùtìmù yẹn nù, kí ẹlòmíràn ló gbé e, kí ẹ̀yin má sí nítòsí. Ẹ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná tó jó ọwọ́, nǹkan bí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí omi tútù kì í pa kòkòrò náà. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, ẹ gbé fóòmù síta, ẹ yí i padà. Aṣọ tí a fi omi rin ni kí ẹ fi nu eruku, ẹ má gbá yàrá ní gbígbẹ. Bí ẹlòmíràn bá sì gbá a, ẹ fún un tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó wọlé, nítorí eruku kòkòrò yìí àti ti aáyán wúwo, kì í pẹ́ kó tó balẹ̀. Ti ológbò kì í tètè balẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti aáyán, ẹ lo èyí tí wọ́n ń tò sí kọ̀rọ̀ tí aáyán ń jẹ. Apakòkòrò olómi tí àwọn èèyàn ń rọ sínú yàrá á tún gun ọ̀nà èémí yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹja. Èmi kò ní kí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n n kò ní bá yín yin èéfín. Èéfín igi ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò ní ásímà pàápàá jẹ́ bó bá pẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí inú ọ̀nà èémí yín ṣì wú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró ti ààrò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ̀yin máa bá wọn fọ ẹja, kí ẹ máa tà á lọ́jà Olúwo. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ààrò kúrò lábẹ́ àjà, ẹ dúró sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ẹ lo igi tó gbẹ dáadáa. Àwọn ará Ghana ní ààrò kan tí wọ́n ń pè ní Chorkor, tí wọ́n ń to àwọn àtẹ ẹja lé ara wọn lórí rẹ̀. Igi tó ń jẹ kéré, èéfín tó ń yọ sí alásè lójú náà kò tó ti àgbá. Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ṣé ẹ ń yan edé, àbí ẹ ń lọ̀ ọ́? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ edé àti akàn wà tí ara wọn kọ ooru àti lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ gan-an, lára wọn, iṣẹ́ náà ni ohun tí ara kọ̀. Èròjà kan tilẹ̀ wà tó jọra nínú edé àti nínú kòkòrò eruku. Bí àyà yín bá ń dẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ kò bá fọwọ́ kan edé, tó sì ń padà há ní ọjọ́ tí ẹ bá padà sídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, edé ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ohun tí ẹ yan, ibi tí ẹ sùn, iye ìgbà tí ẹ fa Ventolin.

Lẹ́tà lásán kò tó kí n fi gbọ́ àyà yín, òtútù àti ikọ́ tó ń ràn náà sì lè sọ ọ̀nà èémí di ẹlẹgẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, torí náà ẹ gbé ìwé yẹn lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò ti Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú ínhélà dání, kí ẹ fà á lójú wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń fà á sí ahọ́n. Bí fífà rẹ̀ bá ń ṣòro, ike omi tó gba 500 mílílítà, tí a lu ìdí rẹ̀ níwọ̀n ẹnu ínhélà tí a sì dí etí rẹ̀ pa, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Cape Town ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lára àwọn ọmọdé ní 1999. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, bí ètè bá ń dúdú, tàbí tí Ventolin tí ẹ fà kò mú yín dé wákàtí 4 kó tó tún há, ẹ máa fà á ní ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan láti inú ike náà, 4 sí 10, ní ìṣẹ́jú 20-20, bí wọ́n ṣe ń gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.